Àga ni mò ń rà ní Starbucks, kọfí ló bá a wá

Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí mo ti ń lọ jókòó ní Starbucks, ilé kọfí àwọn ará Amẹ́ríkà, bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa ọjà títà ni mò ń kọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ojú mi kì í sì í kúrò lára bí wọ́n ṣe ń ṣòwò wọn. P mẹ́rin tí E. Jerome McCarthy, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ọjà títà, tò jọ ní 1960 ni wọ́n fi ń kọ́ wa, ohun mẹ́rin tí orúkọ wọn fi lẹ́tà P bẹ̀rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì: ọjà fúnra rẹ̀, iye tí à ń tà á, ibi tí à ń tà á sí, àti bí a ṣe ń polówó rẹ̀. Lójú tèmi, ibi ìjókòó yẹn gan-an ni ọjà Starbucks.

Hóró kọfí yíyan tí èèyàn á rà lọ sílé ni wọ́n ń tà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Seattle ní 1971. Howard Schultz, tó dara pọ̀ mọ́ wọn ní 1982, ló lọ sí Milan ní Ítálì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tó rí bí àwọn èèyàn ṣe ń pé jọ sídìí kọfí tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ó fẹ́ kí Starbucks náà ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò gbà délẹ̀. Ó kúrò, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì padà wá ra Starbucks ní 1987. Ohun tó rí yẹn ni mò ń jẹ àǹfààní rẹ̀ títí dòní: iná tí kò gún ojú, ibi tí mo lè ki wáyà kọ̀ǹpútà mi sí, íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Mo máa ń lo wákàtí mẹ́ta lórí ife kan ṣoṣo, kò sì sẹ́ni tó wò mí láwòsí rí.

Kọfí wọn ńkọ́? Wọ́n ń yan án dúdú, ó sì korò dáadáa. Ohun tí mo yìn wọ́n fún ni pé bí mo ṣe mu ún lánàá náà ni màá bá a lọ́la, ní ẹ̀ka yòówù kí n yà sí. Ní oṣù kejì 2008, wọ́n ti ilé ìtajà tó tó 7,100 pa ní Amẹ́ríkà fún wákàtí bíi mélòó kan, kí wọ́n lè tún kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń po espresso, ìyẹn kọfí kíki. Èmi ò mọ ọlọ́jà púpọ̀ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó gba ìfura. Tall, Grande, Venti, ìyẹn ife kékeré, ti àárín àti ńlá: owó díẹ̀ ni wọ́n fi ń ju ara wọn lọ, ọwọ́ èèyàn á sì máa lọ síbi ńlá. Àmọ́ nínú latte gbígbóná, ìyẹn espresso tí wọ́n pò mọ́ mílíìkì, bí wọ́n ṣe ń po ó ní Amẹ́ríkà, iye espresso kan náà ló wà nínú Grande àti Venti. Mílíìkì lẹ fi owó kún. Grande ni kí ẹ rà.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ife ọwọ́ oníbàárà ló ń polówó tiwọn kiri ìgboro. Ní 2011, wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò lára àmì tó wà lára ife náà, a sì ń dá a mọ̀ síbẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni fóònù. Láti 2015 tí ará Amẹ́ríkà ti lè fi áàpù ra kọfí kó tó débẹ̀, ọ̀pọ̀ kàn ń gbé ife ni, wọn kì í jókòó. Ilé kọfí mìíràn tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ tìtorí irú èyí kó àga rẹ̀ dànù. Kọfí wọn dùn ju ti Starbucks lọ, síbẹ̀ láàárín oṣù kan, mi ò débẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí Starbucks dá ife tánganran padà ní Amẹ́ríkà ní 2025 fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó. Bí ẹ bá débi tí wọ́n ti ń lò ó, ẹ tètè béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó bu kọfí yín sínú ife pépà.