Kápúsù ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń tà fún ọpọlọ: ìràwọ̀ 2 nínú 5

Ara ìgò ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó ń pa iná inú ọpọlọ (inflammation). Iná náà wà lóòótọ́. Nínú àrùn Alzheimer, tó ń mú kí èèyàn máa gbàgbé nǹkan, àti Parkinson, tó ń mú kí ara máa gbọ̀n, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ ọpọlọ, microglia, máa ń gbára dì láti palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́. Tí ìdọ̀tí ò bá tán, wọn ò ní sinmi, èròjà tí wọ́n ń tú jáde á sì máa ba àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ jẹ́. Ọlọ́dẹ wá di olè.

Bí kápúsù yóò ṣe débẹ̀ ni wàhálà. Curcumin, èròjà inú ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ náà, kì í yòrò nínú omi, ẹ̀dọ̀ sì máa ń tètè yí i padà. Bíńtín ló ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò dáadáa: 500 mg ìyẹ̀fun ata ilẹ̀ pupa lásán kì í ṣe 500 mg curcumin, nǹkan bí 15 mg péré ló sábà wà níbẹ̀.

Èyí tí wọ́n fi piperine inú ata dúdú sí ń wọ ẹ̀jẹ̀ jù, àmọ́ piperine kan náà ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti fọ́ oògùn mìíràn. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìbi dókítà. Tí ojú bá pọ́n bí ìyeyè tàbí tí ìtọ̀ dúdú, ẹ dá a dúró kíá, kí ẹ lọ yẹ ẹ̀dọ̀ wò.

Àní naproxen àti celecoxib, oògùn gidi tó ń pa irú iná bẹ́ẹ̀ nínú ara, tí wọ́n dán wò láti dènà Alzheimer, kò dènà rẹ̀. Ọdún 2004 ni wọ́n dá lílò wọn dúró nínú ìdánwò náà.