Ojú ìwé HCPC: ibi tí a ti ń yẹ àṣẹ òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì wò

Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ gba ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé sẹ́nu iṣẹ́ áńbúláǹsì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ má gba fọ́tò ìwé ẹ̀rí lórí WhatsApp gbọ́. Ẹ ṣí ojú ìwé HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì; ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan “Paramedic”, kí ẹ tẹ orúkọ ìdílé tàbí nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, èyí tí PA máa ń ṣíwájú. Nọ́mbà ló dájú jù, torí níbí a sábà máa ń kọ orúkọ ìdílé ṣáájú, ìyẹn sì ń da wíwá rú. Obìnrin tó lọ́kọ náà lè ti yí orúkọ padà.

Ibi tí wọ́n kọ ìjìyà tí HCPC fi jẹ òṣìṣẹ́ sí ló wúlò jù. Ìkìlọ̀ máa ń wà lára orúkọ fún ọdún 1 sí 5. Ìdádúró kì í ju ọdún 1 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá yọ orúkọ rẹ̀ kò lè bẹ̀bẹ̀ àtipadà kí ọdún 5 tó pé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ kò rí kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ dandan o! Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń sọ ìforúkọsílẹ̀ dọ̀tun. Ó lè jẹ́ pé kò sanwó.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì nira fún ẹni tó kàwé ní Faransé. Kò sì dípò àṣẹ ìjọba Bẹ̀nẹ̀.