Pather Panchali: Ìwé Tí Wọ́n Gé Ìparí Rẹ̀

Ẹni tó bá ti wo fíìmù tí Satyajit Ray ṣe jáde lọ́dún 1955 lè rò pé òun ti mọ ìtàn Apu àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Durga, tán, ṣùgbọ́n ìwé tí fíìmù náà ti inú rẹ̀ jáde, ìyẹn Pather Panchali, èyí tí Bibhutibhushan Bandyopadhyay kọ ní èdè Bengali tí wọ́n ń sọ ní ilẹ̀ Íńdíà lọ́dún 1929, wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ú lọ. Nínú fíìmù, àwọn ọmọ méjèèjì sáré la pápá koríko kọjá lọ pàdé ọkọ̀ ojú irin. Nínú ìwé, Durga kò fojú kàn án rí. Orí àìsàn ló wà tó fi bẹ àbúrò rẹ̀ pé bí ara òun bá yá, kí ó mú òun lọ wò ó lọ́jọ́ kan. Mo pa ìwé dé fún ìgbà díẹ̀ níbẹ̀.

Tíṣà ni Bibhutibhushan. Wọ́n bí i ní 1894. Onímọ̀ Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, tó ń sọ ìtàn ìsìn fún àwùjọ kí ọwọ́ ilé lè máa lọ sẹ́nu ni baba rẹ̀. Lẹ́yìn tó gboyè ní Kolkata ní 1918, ó kọ́ni, ó lọ ṣe alábòójútó ilẹ̀ igbó ní ẹkùn Bhagalpur, níbi tó ti kọ ìwé yìí, ó sì tún padà sídìí iṣẹ́ olùkọ́ títí tó fi kú ní 1950.

Ó dá mi lójú pé ojú olùkọ́ ló fi wo Apu. Ọmọ yìí kà nínú ìwé baba rẹ̀ pé ẹni tó bá rọ mákúrì, irin olómi nì, sínú ẹyin igún, tó sá a sóòrùn, tó sì fi í sẹ́nu, yóò fò, ló bá lọ ra ẹyin lọ́wọ́ ọmọ darandaran. Òǹkọ̀wé kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó jẹ́ kí àwa náà máa retí pẹ̀lú rẹ̀.

Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí T. W. Clark àti Tarapada Mukherji ṣe ní 1968 já geere, mo sì gbóríyìn fún wọn, àmọ́ ohun kan dùn mí púpọ̀: ibi tí ìdílé náà ti fi abúlé wọn sílẹ̀ ni wọ́n ti dá ìtàn dúró. Gbogbo ìyà tó jẹ wọ́n lẹ́yìn náà ni wọ́n gé kúrò, títí kan ojú ewé tí òrìṣà ọ̀nà ti rẹ́rìn-ín sí Apu, tó sọ fún un pé ọ̀nà rẹ̀ kò parí sí abúlé náà. Orin ọ̀nà sì ni ìtumọ̀ Pather Panchali, orúkọ ìwé yìí.