Ìwé Wo Ni Kí Ẹ Rà fún Ọ̀nà Jíjìn?

Bí ẹ bá ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ Jos, tí ọkọ̀ gbéra ní ìdájí, oorun lẹ ó fi gba Ìlọrin kọjá. Ìgbà tí ẹ bá gun afárá Odò Ọya ní Jẹ́bà lojú máa ń là, ọ̀nà ṣì kù rẹpẹtẹ. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ̀ bóyá ìwé lòun rà tàbí ẹrù.

Méjì tí mo máa ń fi wéra ni *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, àti *Àjà Ló Lẹrù* (1969) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́. Ti Fágúnwà dùn létí ju tèkejì lọ, ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ máa ń gùn. Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò, tí ojú yín fò lórí ìlà, ẹ ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ni. Oore tó ṣe ni pé láti orí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ló ń bọ́ sí òmíràn: ẹ lè pa á dé kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun, kò ní dà rú mọ́ yín lójú. Òkédìjí ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn Lápàdé, olú ẹ̀dá ìtàn náà, àtàwọn ọ̀daràn tó ń lé lẹ ó máa sá tẹ̀ lé, ariwo inú ọkọ̀ ò sì ní dí yín lọ́wọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ lè kà á tán kí ẹ tó débi tí ẹ ń lọ. Èmi ń mú Òkédìjí fún àlọ, Fágúnwà fún àbọ̀.

*The History of the Yorubas* ńkọ́? Ó ju ojú ewé 600 lọ, ẹ fi sínú àpótí, kó di ìgbà tí ẹ bá débẹ̀. Ìwé náà gan-an mọ ìyà ìrìn àjò. Àlùfáà Samuel Johnson tó gbé Ọ̀yọ́ parí rẹ̀ ní 1897, ó sì sọnù lọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, tún un kọ. Lọ́dún 1916 àwọn Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi tó gbé e. Ọdún 1921 ló tó jáde.

Ti orí fóònù fúyẹ́, ó sì ṣeé kà nínú òkùnkùn. Àmọ́ ẹ gbé e sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì yẹ ojú ewé kan wò: lórí fóònù mìíràn, àmì ohùn Yorùbá máa ń di àpótí kéékèèké. Tí bátìrì bá sì kú, ó tán nìyẹn.

Ìwé àlòkù ò wọ́n tó tuntun, ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ ṣí i látòkèdélẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á. Mo ra ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ní Tákíè, ní Ògbómọ̀ṣọ́, láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ewé 48 ni mo kà tán, 65 ló tẹ̀ lé e. Ọlọ́run ṣe é, ìyá àgbà tó jókòó tì mí ti kà á rí, òun ló sọ gbogbo ohun tó wà láàárín fún mi láti Jẹ́bà títí a fi dé Mókwá, ó sì sọ ẹni tó pààyàn mọ́ ọn.