Áàpù atúmọ̀ èdè tí mo fi wá "pickier"

Nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ṣe gba áàpù yìí sórí fóònù mi. Ọmọ mi obìnrin kọ "I am more pickier than my brother" sínú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dùn létí, àmọ́ n kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀.

Ní ti ìtumọ̀, áàpù náà gbìyànjú. Ó ní "picky" ni ẹni tí nǹkan kì í tètè tẹ́ lọ́rùn, tó máa ń ṣà á títí. Bí a bá fi í wé ẹlòmíì, tí tirẹ̀ sì pọ̀ jù, ó di "pickier". Ó fi hàn bí "y" ṣe ń di "i" kí "er" tó wọlé, bíi ti "choosier" àti "fussier". Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti rí i pé "er" ti ṣe iṣẹ́ "more" tán, a kì í kó méjèèjì pọ̀. (Àwa tí "jù" nìkan tó fún, ẹ wo wàhálà!)

Ohun tó bí mi nínú ni pé kò sọ pé ìbáwí díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ pe ọ̀gá yín ní "pickier", kó wò yín bákan. "More selective" ló rọ̀ létí. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, ohùn tó ń pè é sì ń sáré jù.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. N ò tíì yọ ọ́ kúrò lórí fóònù ṣá.