Òṣùwọ̀n Oúnjẹ Oníbátìrì fún Ẹni Tí Kílò Rẹ̀ Dúró Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìdínkù Ikùn: Àgbéyẹ̀wò Láti Òṣogbo

Òṣùwọ̀n tí mò ń sọ yìí ni pẹlẹbẹ funfun oníke tí wọ́n ń tà láàárín ìkòkò àti ṣíbí ní Ọjà Ìgbọ̀nà àti láwọn ìsọ̀ ohun èlò ilé ìdáná káàkiri Òṣogbo. Bátìrì kéékèèké méjì ló ń lò, ó ń gbé tó kílò márùn-ún, ó sì ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ṣe kéèkì ló sábà máa ń rà á. Ẹni tí mo fẹ́ kó rà á ni ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìdínkù ikùn, ìbáà jẹ́ sleeve (èyí tí wọ́n ń gé ọ̀pọ̀ ikùn kúrò) ìbáà jẹ́ bypass (èyí tí wọ́n ń fi apò kékeré sílẹ̀ fún oúnjẹ), tó ti padà sílé, tí kílò rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, tó wá dúró gbagidi. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kó wá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀, tíì ìfọnra, ìgbànú ìfúnkùn, àgbo ìwẹ̀nùmọ́, èyí nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ń sọ òótọ́ fún èèyàn.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lé e, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kílò yín dúró lóòótọ́. Ìdúró tó máa ń wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi oúnjẹ. Bí oúnjẹ bá dín kù lójijì, ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan ni ara máa ń kọ́kọ́ ná. Gíráàmù kan ṣúgà yìí ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mú sára. Bó bá ti tán, omi náà á bá a lọ, ìdí nìyẹn tí kílò fi ń já wálẹ̀ wìì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó bá yá, ara á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó díẹ̀ pamọ́, omi á padà, ọ̀rá á sì máa yọ́ lọ lábẹ́lẹ̀ láìhàn lójú òṣùwọ̀n. Ìdúró yìí máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi oúnjẹ du ara yín nítorí rẹ̀.

Èyí tó yẹ kó jẹ yín lógún ni kí oṣù kan gbáko kọjá kí kílò má yẹ̀, kí téépù télọ̀ náà má yẹ̀ ní ìbàdí àti ní ikùn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ máa wọn ara, láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó fẹnu kan omi, lórí ilẹ̀ líle, kì í ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń bọ̀ lè wúwo sí i ní kílò kan tàbí méjì, omi ni. Ẹni tí kò yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin náà, kó má gba òṣùwọ̀n ọjọ́ yẹn gbọ́.

Lẹ́yìn oṣù kẹfà ni òṣùwọ̀n oúnjẹ ń wúlò jù. Nínú sleeve, wọ́n máa ń gé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ikùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrò. Nínú bypass, apò kékeré tó ń gba nǹkan bí 30 mílílítà ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún oúnjẹ. Níbẹ̀rẹ̀, ṣíbí mélòó kan ti tó. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, wíwú á lọ sílẹ̀, ikùn á rọ̀, ebi á sì tún máa pa èèyàn. Àwo kan náà lèèyàn ń bù sí, ojú ò rí i pé ìgbakọ ti ń ga. Bẹ́ẹ̀ sì ni ara tó ti fi ọgbọ̀n kílò fúyẹ́ kò nílò oúnjẹ tó bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́: iye oúnjẹ tó ń mú un fọn ní oṣù kẹta lè jẹ́ iye tó ń mú un dúró ní oṣù kẹsàn-án. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe pé iṣẹ́ abẹ náà bàjẹ́.

Epo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí epo ló ń fara pamọ́ jù. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa tàbí òróró tó nǹkan bíi gíráàmù 14, ó sì ní bíi kálórì 120 nínú (kálórì ni ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara). Níbí ni àléébù àkọ́kọ́ òṣùwọ̀n yìí ti máa yọjú. Bí ẹ bá gbé ìkòkò lé e, tí ẹ tẹ TARE kó padà sí òdo, tí ẹ wá ń da epo sí i díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ lè dúró sórí òdo láìmira. Wọ́n ṣe é kó máa tún ara rẹ̀ ṣe sí òdo fúnra rẹ̀ bí nǹkan kékeré bá yí padà, nítorí náà epo tó ń kán sí i tótó ni ó ń kà sí àṣìṣe tirẹ̀. Ẹ yí ọ̀nà náà padà. Ẹ gbé ìgò epo fúnra rẹ̀ lé òṣùwọ̀n, ẹ tẹ TARE, ẹ gbé ìgò kúrò, ẹ da epo sínú ìkòkò bí ẹ ṣe fẹ́, kí ẹ wá dá ìgò náà padà. Yóò kọ -28, fún àpẹẹrẹ. Iye tí ẹ dà nìyẹn: gíráàmù 28, ṣíbí méjì, bíi kálórì 250. Kò tún sí ìkòkò gbígbóná tó ń kan ara òṣùwọ̀n.

Ti ọbẹ̀, ìṣirò ẹ̀ẹ̀kan ni. Ká ní ẹ fi gíráàmù 150 epo dín ata, tí ọbẹ̀ náà wá jẹ́ gíráàmù 1,500 nígbà tó jinná (ẹ kọ ìwọ̀n ìkòkò òfìfo sára ògiri ilé ìdáná, kí ẹ máa yọ ọ́ kúrò). Gíráàmù 100 ọbẹ̀ yẹn ní gíráàmù 10 epo, kálórì 90, láìtíì ka ẹran. Ẹni tó ń bu ìpọnbẹ̀ méjì lé orí oúnjẹ tó mọ níwọ̀n á wá rí ibi tí kílò rẹ̀ há sí.

Àmàlà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kóńgò ọjà kò lè sọ nǹkan kan fún yín, torí bí wọ́n ṣe rọ ọ́ tí wọ́n sì mú un ga ló ń pinnu ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wọn èlùbọ́ gbígbẹ kí ẹ tó rò ó. Bí gíráàmù 200 èlùbọ́ bá di gíráàmù 700 àmàlà, a jẹ́ pé gíráàmù 100 àmàlà ní bíi gíráàmù 29 èlùbọ́, bíi kálórì 100. Bí ẹ bá rò ó le, iye náà á ga. Bí ẹ bá rò ó rọ̀, á wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ àwọn tábìlì tó ń sọ pé "ìgbakọ kan, kálórì báyìí." Ìgbakọ ta ni?

Ohun tí òṣùwọ̀n yìí ṣe dáadáa jù lójú mi ni ti purotéènì, èròjà oúnjẹ tó ń gbé iṣan ró. Ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ni gíráàmù 60 sí 80 purotéènì lójúmọ́. Gíráàmù purotéènì kọ́ ni gíráàmù ẹran. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì í. Gíráàmù 100 àyà adìyẹ sísè tí kò ní eegun ní bíi 31 purotéènì, ẹja tìlápíà sísè tí wọ́n ti yọ egungun ní bíi 26, ẹ̀wà sísè ní bíi 8, ẹyin kan ní bíi 6. Nítorí náà, ẹyin méjì láàárọ̀, gíráàmù 100 ẹja lọ́sàn-án, gíráàmù 80 adìyẹ àti gíráàmù 60 ẹ̀wà lálẹ́, ó ti lé ní 60. Ẹ yọ eegun kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Itan adìyẹ tó kún àwo lè ṣẹ́ kù díẹ̀ bí ẹ bá ti ya ẹran rẹ̀ kúrò lára eegun.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí pọ̀nmọ́, torí ó ń tan àwọn èèyàn wa jẹ. Pọ̀nmọ́ ní purotéènì nínú lóòótọ́, àmọ́ irú èyí tó wà nínú awọ ni, kò pé: ọ̀kan wà lára èròjà tí ara nílò tí kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ẹ má kà á mọ́ iye ọjọ́ náà. Bí purotéènì gidi kò bá tó, iṣan ni ara á máa jẹ, iṣan tó bá sì dín kù, ara á máa ná oúnjẹ díẹ̀ sí i, ìdúró á wá le sí i. Ẹran tàbí ẹja ni kẹ́nu kọ́kọ́ kàn, kó tó kan ẹ̀fọ́, kó tó wá kan òkèlè. Bí ikùn bá ti kún kí ẹ tó dé ìdí òkèlè, kò burú. Wàrà àwọn Fúlàní náà wúlò, àfi kí ẹ sè é, kí ẹ má dín in.

Àwọn ohun tó ń yọ̀ kọjá nínú ikùn kékeré láìdá a dúró ni ẹ̀kọ mímu, kọ́sítáàdì, bísíkíìtì tí wọ́n rẹ sínú omi, máàtì (malt) àti áísìkiriìmù. Ikùn kò ní kún, kálórì á wọlé. Ẹ wọn ẹ̀pà tí ẹ ń jẹ nígbà tí ẹ ń wo tẹlifíṣàn: ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan, gíráàmù 30, ti tó bíi kálórì 170, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń kó ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mímu omi pẹ̀lú oúnjẹ náà ń ti oúnjẹ lọ kíákíá. Ẹ fi bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sáàárín, kí omi ọjọ́ kan tó lítà kan ààbọ̀ ó kéré tán, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Ní ti òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Ó ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú méjì, bó bá kú, TARE tí ẹ tẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ kọ iye ìwọ̀n àwo yín sílẹ̀ kó má baà dà yín láàmú. Bó bá kọ Lo, bátìrì ti ń tán. Àwọn nọ́ńbà rẹ̀ á ti máa sáré kó tó kọ ọ́, nítorí náà ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣomi, á sì jẹ irin ibi tí wọ́n ń fi í sí. Bó bá kọ Err, ẹ̀rù ti pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ fáànù orí àjà ń mú kí nọ́ńbà máa jó. Ẹ pa á. Tábìlì onígi tó ń mì kò dára, ilẹ̀ tó dán tó sì tẹ́ ló dára. Ìjàǹbá tó wọ́pọ̀ jù ni bọ́tìnnì UNIT: ìka kàn án, gíráàmù di oz (ounce, ìwọ̀n mìíràn), ẹni náà rí 4 níbi tó yẹ kó rí 113, kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà g lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ní gbogbo ìgbà.

Níwájú ẹni tó ń tà á ni kí ẹ ti dán an wò. Ẹ mú ìgò tí wọ́n fi ń fún ọmọ ní mílíìkì, tó ní àmì mílílítà lára, lọ sọ́jà. Ẹ gbé e lé e lófìfo, ẹ tẹ TARE, ẹ rọ omi tó 200 mílílítà sí i. Ó yẹ kó kọ nǹkan bí 200. Ẹ tún sún un sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹlẹbẹ náà. Bí igun kan bá yàtọ̀ ju gíráàmù mẹ́ta lọ, ẹ dá a padà. Omi inú ọ̀rá kò ṣe é fi dán an wò, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni wọ́n rọ déédéé. Ohun kan tí mo fẹ́ràn gan-an ni pé iná ìjọba kò kàn án. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn bó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì wọn gbogbo ohun tó wọ ẹnu, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí iye oúnjẹ bá bá ètò tí ilé ìwòsàn fún yín mu, tí purotéènì pé, tí kílò kò sì mira, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òṣùwọ̀n. Ẹ gbé ìwé náà lọ bá dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ yín, tàbí ẹ pè é bí ó bá wà nílùú mìíràn. Insulin, àwọn oògùn steroid àti àwọn kan lára oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè dá kílò dúró, bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn tó ń mú ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) ṣiṣẹ́ lọ́ra. Ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín. Ẹ má jáwọ́ nínú fítámì tí ilé ìwòsàn fún yín. Kálísíọ̀mù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ (iron) kò gbọ́dọ̀ wọlé pa pọ̀, ẹ fi wákàtí méjì sáàárín wọn. Tíì tó ní ewé senna nínú, omi àti iyọ̀ ara ló ń lé jáde, kò kan ọ̀rá. Ẹni tó bá ń bì léraléra, tí omi kò dúró nínú rẹ̀, tí ikùn ń ro gidigidi, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni tó ṣì wà ní ìpele olómi àti oúnjẹ lílọ̀, kò tíì nílò rẹ̀. Ẹni tí wíwọn oúnjẹ bá ń kó ìpayà bá débi pé ó ń sá fún oúnjẹ, kó gbé e fún ẹlòmíràn nínú ilé kó máa bá a wọ̀n ọ́n. Tí ẹ bá ń lọ sí òde ìnáwó, ẹ jẹ gíráàmù 80 ẹja tàbí adìyẹ nílé kí ẹ tó jáde. Bí wọ́n bá gbé ìrẹsì dé, ojú yín á ti mọ bí gíráàmù 50 ṣe rí nínú àwo, torí ẹ ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nílé.