Ilé tí mo rà ní gbàǹjo kóòtù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Florida: aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún

Aago mẹ́ta ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọ̀sán ọjọ́ kejì tí gbàǹjo já mọ́ mi lọ́wọ́. Owó tó lé ní 115,000 dọ́là ti kúrò nínú àkáǹtì èmi àti àbúrò mi láti aago mẹ́wàá àárọ̀, síbẹ̀ ìkànnì kóòtù ṣì ń kọ ọ́ sójú mi pé mi ò tíì san nǹkan kan. Aago mẹ́rin ni gbèdéke. Bí aago mẹ́rin bá lù tí owó ò dé, wọ́n á tún ilé náà polówó, wọ́n á fi àsansílẹ̀ mi, 5,920 dọ́là, san ìnáwó gbàǹjo tuntun, ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ á wọnú gbèsè onílé. Ẹ ò ní rí kọ́bọ̀ gbà padà. Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú abala 45.031 òfin Florida, kò sì sí ẹni tí ẹ fẹ́ bẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀. Ìyẹn ò le. Ẹ kàn mọ̀ pé ní Florida, báńkì ò lè gba ilé lọ́wọ́ onígbèsè láìjẹ́ pé kóòtù dá ẹjọ́, àti pé akọ̀wé kóòtù káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, ló ń ta ilé náà. Mi ò ní dárúkọ káúńtì tèmi níbí, torí àwọn tó ń gbé fóònù níbẹ̀ ò pọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tí mò ń sọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo pe wọ́n, kì í ṣe orí ilé yìí. Àbúrò mi ló rí ilé alájà méjì kan lórí àtẹ ọ̀sẹ̀ yẹn: iye tí káúńtì dá lé e fún owó orí jẹ́ 212,000 dọ́là, gbèsè tó wà nínú ìdájọ́ ò ju 9,340 lọ. Ọmọ náà ń jó nínú fóònù. "Àǹtí mi, Ọlọ́run ti ṣe é!" Àyà mi ń já, ṣùgbọ́n èmi náà ti ń ka yàrá lọ́kàn. Mo pe ọ́fíìsì akọ̀wé kí n lè béèrè ìgbà tí àsansílẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé. Arábìnrin kan gbé e. Ó dá mi lóhùn, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mà, èmi kì í ṣe lọ́yà, mi ò lè gbà yín nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ta ni olùpẹjọ́ nínú ẹjọ́ yẹn?"

Mo wò ó. Kì í ṣe báńkì. Ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò ni, wọ́n pe onílé lẹ́jọ́ torí kò san owó ẹgbẹ́. Arábìnrin yẹn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn fi ibi tí wọ́n ti ń wá àkọsílẹ̀ ilẹ̀ hàn mí, ó ní kí n tẹ orúkọ onílé síbẹ̀. Ohun tó jáde ni mọ́géèjì báńkì kan, ìyẹn owó tí onílé fi ilé náà dúró yá, 188,000 dọ́là, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹgbẹ́ tó kọ gbèsè tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí ìwé kankan pé wọ́n ti san án tán. Bí ẹ bá ra ilé lọ́wọ́ ẹgbẹ́ lọ́nà yìí, gbèsè báńkì ṣì wà lórí ilé náà gbọin-gbọin. Báńkì á kàn wá gbẹ́sẹ̀ lé e mọ́ yín lọ́wọ́ ni. Tí ó bá sì jẹ́ báńkì ló ń tà, gbèsè ẹgbẹ́ tí onílé àtijọ́ jẹ lè bọ́ sórí ẹ̀yin tí ẹ rà á, torí òfin dín ti báńkì kù tó bá gba ilé fúnra rẹ̀, kò dín ti ará ìta kù. Owó orí ilé tí wọn ò san náà ń bá ilé lọ. Bí ìjọba àpapọ̀ bá sì ní owó orí tó dúró lórí ilé náà, ó ní 120 ọjọ́ lẹ́yìn gbàǹjo láti fi rà á padà lọ́wọ́ yín.

Kò sí ọ̀kankan nínú gbogbo èyí lójú ewé tí ẹ ti ń fowó lé ilé. Nọ́ńbà ẹjọ́, iye ìdájọ́, àdírẹ́sì, iye tí káúńtì dá lé e, ó parí. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ojú ewé yẹn nìkan á pàdánù ilé àti owó. Inú ń bí mi sí i títí di òní, torí ẹnì kan ra ilé alájà méjì yẹn lọ́jọ́ náà ní 41,000 dọ́là. Mo jókòó, mò ń wo iye náà bó ṣe ń gòkè, mi ò sì ní bí mo ṣe lè ké sí i.

Ìfowólé fúnra rẹ̀ dára, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ẹ ó kọ òpin iye tí ẹ lè san sílẹ̀, ẹlòmíràn ò ní rí i, ẹ̀rọ á máa fi 100 dọ́là gbé e sókè fún yín títí yóò fi débẹ̀. Bí ẹnì kan bá fowó lé e nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, aago á fi àyè kún un, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè yọ́ wọlé ní ìparí kó jí i gbé. Báńkì tó pẹjọ́ náà lè fowó lé ilé, iye tó fẹ́ dé wà ní ìpamọ́. Àsansílẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ ló ń pààlà fún yín: ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà, 6,000 dọ́là ni èmi fi síbẹ̀, nítorí náà mi ò lè kọjá 120,000 kódà kí orí mi gbóná. Mo dúpẹ́ fún ìdènà yẹn. Lórí ilé tí mo wá rà, báńkì ló pẹjọ́, ó dúró ní ẹgbẹ̀rún márùnlélọ́gọ́rin, ẹnì kan sì ń bá mi fà á títí dé 118,300. Mo borí ní 118,400.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo fi owó ránṣẹ́ láti báńkì mi sí tiwọn, èyí tí wọ́n ń pè ní wáyà. Iye tó kù lórí ilé jẹ́ 112,480. Lórí rẹ̀ ni 828.80 fún owó òǹtẹ̀ ìpínlẹ̀, 70 fún ìlò gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti 1,783.50 fún kí akọ̀wé kóòtù tó gba owó lọ́wọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ń sanwó kí wọ́n tó gba owó yín. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 115,162.30.

Aago méjì lọ́sàn-án mo pe ọ́fíìsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, "Kò tíì wọlé, mà." Mo pe báńkì mi, wọ́n ka nọ́ńbà ìtọpa wáyà náà fún mi, báńkì kejì ti gbà á ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo tún pe ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, mo ka nọ́ńbà náà fún un lẹ́ẹ̀mejì. "Kò sí lórí kọ̀ǹpútà mi, mà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì yín." Mo ní báńkì ló ní kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ tí ó ń tẹ nǹkan mìíràn. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà, bí ẹni pé mò ń béèrè ọ̀nà ọjà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí àbúrò mi fi gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin, arábìnrin ìjọ́sí ló gbé e. Mo mọ ohùn rẹ̀ kí ó tó sọ orúkọ ọ́fíìsì tán. Ó bi mí pé kí ni mo kọ sí àpótí ọ̀rọ̀ wáyà náà. Mo ní nọ́ńbà ẹjọ́. Ó ní nọ́ńbà tí wọ́n fún mi nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ ló yẹ. Mo ṣí ìkànnì wọn, mo fi hàn án pé ojú ewé kan ní kí a kọ nọ́ńbà ẹjọ́, òmíràn ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Ojú ewé méjì, ìkànnì kan náà! Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n má pa fóònù, kí n ka iye owó náà fún un dé ọgbọ̀n sẹ́ńtì tó gbẹ̀yìn. Mo ń gbọ́ tí ó ń ka iye wáyà tí kò lórúkọ sábẹ́ ètè rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Nígbà tí ó ní "Mo ti rí i," aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni. Mo sunkún, mi ò tijú láti sọ ọ́.

Mo rò pé ó ti parí. Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí títà, òfin fún àwọn tí ẹjọ́ náà kàn ní ọjọ́ mẹ́wàá láti takò ó kí kóòtù tó fún yín ní ìwé ẹ̀rí ohun-ìní. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, onílé fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà pé òun ò mọ̀ nípa gbàǹjo náà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni owó wa fi wà ní kóòtù láìsí ilé, láìsí èlé. Mo bínú sí ọkùnrin tí mi ò rí rí. Mo pè é ní oríṣiríṣi orúkọ nínú ilé mi.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ ni mo rí i. Bàbá àgbà ni, kò ní lọ́yà. Adájọ́ fi ìwé ìkéde hàn án, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe ní kí wọ́n ṣe, ó sì da àtakò náà nù. Kí bàbá tó jókòó, ó bi adájọ́ bóyá gbogbo ogún ọdún tí òun fi sanwó ilé ti lọ lásán nìyẹn. Ìgbà yẹn ni mo rántí ìṣirò tí mi ò ṣe rí láti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Gbèsè inú ìdájọ́ lé díẹ̀ ní 84,000. Èmi san 118,400. Owó tó lé ní 30,000 wà ní ọwọ́ akọ̀wé kóòtù, òfin sì sọ pé onílé tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi ẹjọ́ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ló ni ín, bí kò bá sí ẹlẹ́tọ̀ọ́ mìíràn.

Mo pe arábìnrin ọ́fíìsì. Ó ní fọ́ọ̀mù rẹ̀ ò ju ojú ewé díẹ̀ lọ, kò dandan kí èèyàn gba lọ́yà. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí ohun-ìní jáde, mo tẹ fọ́ọ̀mù náà, mo gbé e lọ bá bàbá. Ẹnì kan ti wá bá a tẹ́lẹ̀ pé òun á bá a gba owó yẹn bí ó bá fún òun nínú rẹ̀. Ìwé àdéhùn wà lórí tábìlì, kò tíì fọwọ́ sí i. A jọ kọ fọ́ọ̀mù náà lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ó kó jáde, kò sí ṣẹ́ríìfù, ọlọ́pàá káúńtì, kò sí ariwo. Ó mú mi yí ilé náà ká, ó fi ibi tí wọ́n ti ń ti omi hàn mí, àti fèrèsé kan tó máa ń há bí òjò bá rọ̀.

A máa tún fowó lé òmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Mo fún gbàǹjo náà ní ìràwọ̀ 2 nínú 5.